Madame ni kí o kọ, àbúrò mi

Àbúrò mi, o ní o kò tíì lọ́kọ, o sì ń bèèrè bóyá Madame, tí wọ́n ń pe obìnrin tó lọ́kọ tẹ́lẹ̀, tàbí Mademoiselle, tí wọ́n ń pe ẹni tí kò lọ́kọ, ni wàá kọ sínú fọ́ọ̀mù ní ilẹ̀ Faransé. Madame ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2012 ni François Fillon, olórí ìjọba wọn nígbà náà, kọ̀wé pé kí wọ́n yọ Mademoiselle kúrò nínú fọ́ọ̀mù ìjọba. Ṣebí Monsieur ni wọ́n ń pe gbogbo ọkùnrin; ta ní ń bi wọ́n bóyá wọ́n níyàwó nílé?

Àmọ́ ìwé kan náà gbà kí wọ́n lo àwọn fọ́ọ̀mù àtijọ́ tó wà nílẹ̀ títí wọn yóò fi tán, ibẹ̀ ni wàhálà ti bá mi. Òṣìṣẹ́ kan ní kí n mú ìwé ìgbéyàwó wá kí òun tó gbà pé Madame ni mí. Ó fi bírò fagi lé ohun tí mo kọ, ó kọ Mlle, ìkékúrú Mademoiselle, lé e lórí!

Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí mo wá lọ́kọ, òṣìṣẹ́ mìíràn kọ orúkọ ọkọ mi sí ibi tí wọ́n kọ nom de naissance, ìyẹn orúkọ ìbí, sí. Bẹ́ẹ̀ láti 1794 ni òfin wọn ti sọ pé orúkọ inú ìwé ìbí ni orúkọ ènìyàn. Tọkọ, nom d'usage, orúkọ tí ènìyàn kàn ń lò, lásán ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ ọ́n! Oyún wà nínú mi, ìwé ìlera mi ń jẹ́ orúkọ kan, ìwé ìgbélùú ń jẹ́ òmíràn. Ọ́fíìsì yìí á ní kí n lọ sí tọ̀hún, tọ̀hún á dá mi padà. Ojú mi rí màbo. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì títí dòní.

Torí náà, bí o bá fẹ́ fi orúkọ ọkọ sínú páásípọ́ọ̀tù lọ́jọ́ iwájú, má fi ìwé ìbí rẹ sílẹ̀ nílé. Ògbufọ̀ tó ti búra níwájú ilé ẹjọ́ wọn, traducteur assermenté, ni kí o fún túmọ̀. Ka ìlà nom de naissance dáadáa kí o tó buwọ́ lùwé.

Bí o bá ń kí obìnrin níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, Madame nìkan ti tó, má fi orúkọ tì í. Mme ni ìkékúrú rẹ̀.

Bí ẹni tó ń ta búrẹ́dì bá pè ọ́ ní Mademoiselle, jẹ́ ẹ. Ìwé 2012 kò kan ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó lọ́kọ ní Madame, sọ fún un pé Madame ni ìwọ náà.