Igi Crabapple Tí Èso Rẹ̀ Ń Pẹ́ Kí Ó Tó Rẹ̀

Ẹ sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ éékà méjìlá sí ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ẹ sì fẹ́ mọ irú igi crabapple tí ẹ lè gbìn kí àgbọ̀nrín àti àwọn ẹranko igbó mìíràn lè máa wá síbẹ̀ títí ìgbà òtútù yóò fi wọlé. Crabapple ni ápù wẹ́wẹ́ tí èso rẹ̀ kì í fẹ̀ ju íǹṣì méjì lọ. Láti ọdún 2011 ni mo ti ń gbìn ín ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ yìí kan náà, èyí tí ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ sì pọ̀ ju èyí tí ó yè lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe fi orúkọ ra igi. Àsìkò tí èso rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ wò, bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ fi ojú ara yín rí igi ìyá rẹ̀, ìyẹn igi tí wọ́n ti gé e, nínú oṣù Kọkànlá kí ẹ tó náwó.

Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2011, mo ra igi mẹ́wàá ní ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta igi. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ Dolgo, nítorí pé ẹni tí ó tà á fún mi sọ pé òtútù kò lè pa á. Òótọ́ ni ó sọ, nítorí pé ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni Niels Hansen, onímọ̀ ọ̀gbìn ará South Dakota, ti mú irúgbìn rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n èso Dolgo a máa pọ́n ní ìparí oṣù Kẹjọ, lórí ilẹ̀ mi ó sì ti máa ń rẹ̀ tán kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ní àsìkò tí ewé tútù ṣì kún inú oko sóyà tí àgbọ̀nrín kò sì wá oúnjẹ tì. Igi mẹ́fà yòókù jẹ́ Donald Wyman àti Red Jewel. Ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ wọn sọ pé èso wọn ń wà lórí igi jálẹ̀ ìgbà òtútù, èmi sì rò pé ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. N kò mọ̀ nígbà náà pé èso tí kì í kúrò lórí igi yàtọ̀ sí èso tí ó ń pẹ́ kí ó tó rẹ̀. Èso àwọn méjèèjì yìí kò ju nǹkan bí ìdajì íǹṣì lọ, orí ẹ̀ka ni ó sì ń gbẹ sí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so, odindi ọdún méjì ni mo fi ṣọ́ wọn, tí àgbọ̀nrín ń kọjá lábẹ́ wọn láì dúró. Àwọn ẹyẹ ni wọ́n jẹ́ tiwọn: bí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, robin àti cedar waxwing a ya bò wọ́n, wọn a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí ẹyẹ wọ̀nyí ni n kò fi hú wọn, bí ẹ bá sì fẹ́ràn ẹyẹ, ẹ gbin méjì tàbí mẹ́ta.

Ohun tí àgbọ̀nrín nílò yàtọ̀. Ohun tí ó bá wà nílẹ̀, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá tó, ni ó lè jẹ. Nígbà tí ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá bá fi dé, tí àsìkò ọdẹ oníbọn bẹ̀rẹ̀ ní Michigan, èso igi óákù funfun ti tán, wọ́n ti kórè àgbàdo àti sóyà, òtútù sì ti pa ewéko. Igi tí ó bá ń ju èso bíi mẹ́wàá tàbí ogún sílẹ̀ lójúmọ́ nígbà náà, tí èso náà sì tó íǹṣì kan sí méjì, ni àgbọ̀nrín yóò máa yà sí lálaalẹ́, tí tòlótòló igbó àti ehoro yóò sì máa ṣà lójú ọjọ́. Nínú àwọn tí ó ní orúkọ, Kerr ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Dolgo àti ápù kan tí ń jẹ́ Haralson ni wọ́n fi mú un jáde ní Morden, ní Manitoba, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lórí ilẹ̀ mi ó sì máa ń di èso rẹ̀ mú kọjá ọjọ́ Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ tí ó máa ń bọ́ sí apá ìparí oṣù Kọkànlá. Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Georgia lè wo Callaway, irú crabapple mìíràn, nítorí pé kò béèrè òtútù púpọ̀. Ọ̀pọ̀ irú ápù ń fẹ́ tó wákàtí 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òtútù tí kò ju 45 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit kí wọ́n tó lè tanná dáadáa, ìdí sì nìyí tí n kò fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé crabapple lọ sí Ìbàdàn.

Igi tí ó dára jù lọ lọ́wọ́ mi kò ní orúkọ rárá. Bàbá mi ṣe ọdẹ ní agbègbè Ìsẹ́yìn, bí ó bá sì fẹ́ lúgọ de ẹran lábẹ́ ìyeyè, kì í ṣe ìyeyè tí ó so jù ni ó ń wá, bí kò ṣe èyí tí ó ṣì ń já bọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rẹ̀ tán. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí pé ó pẹ́ kí n tó rántí ẹ̀kọ́ yìí níhìn-ín. Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2014, mo rí igi kan ní ẹ̀bá oko àtijọ́ kan, ewé rẹ̀ ti wọ́ tán, èso rẹ̀ sì pọ́n lórí ẹ̀ka bí ìyeyè gan-an, pẹ̀lú ipa ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín tí ó ti tẹ yìnyín abẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀, mo sì padà lọ ní oṣù Kẹta lọ gé ọ̀pá tí kò nípọn ju bírò lọ, mo fi bébà tútù wé wọn sínú fìríìjì títí di ìparí oṣù Kẹrin, kí n tó lọ́ wọn, ìyẹn ni pé mo dè wọ́n mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn kí wọ́n lè jọ dàgbà: Antonovka àti B118, irú gbòǹgbò ápù méjì tí ń ga. A ní láti lọ́ ọ ni, nítorí pé igi tí ó bá hù láti inú hóró ápù kì í jọ ìyá rẹ̀. Ọdún karùn-ún ni ó kọ́kọ́ so, àsìkò tí ìyá rẹ̀ ń rẹ̀ náà ni òun náà sì ń rẹ̀. Ẹ yan gbòǹgbò tí yóò ga, nítorí pé igi kúkúrú kò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnu àgbọ̀nrín láéláé.

Ọ̀rọ̀ ọgbà wáyà ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má fi ṣeré. Nínú Dolgo mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ gbìn, méjì ni akọ àgbọ̀nrín fi ìwo bó lára ní oṣù Kẹwàá ọdún kejì, ọ̀kan sì ni eku oko gé èèpo rẹ̀ yípo lábẹ́ yìnyín, tí n kò mọ̀ títí ìrúwé fi dé tí kò yọ ewé. Nísinsìnyí, ọjọ́ tí mo bá gbin igi ni mo ń fi wáyà líle tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún yí i ká, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, mo sì ń fi wáyà olójú wẹ́wẹ́ yí ìdí rẹ̀ ká nítorí eku. Ọgbà náà kò gbọdọ̀ kúrò títí àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yóò fi kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ẹ máa ro koríko ìdí wọn, ẹ sì máa bomi rin wọ́n ní ọdún méjì àkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe fi ajílẹ̀ kánjú wọn pẹ̀lú. Mo da ajílẹ̀ púpọ̀ sí àwọn kan kí wọ́n lè tètè ga, ọ̀mùnú wọn rọ̀, àrùn tí wọ́n ń pè ní fire blight sì wọlé sí wọn lára tí orí ẹ̀ka fi dúdú bí èyí tí iná jó. Bí ẹ bá rí i, ẹ gé ẹ̀ka náà ní íǹṣì mẹ́jọ sí méjìlá sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó ti bàjẹ́, ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, kí ẹ sì sun ún.

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa ra ápù sínú àpò dà síbẹ̀ títí igi yín yóò fi so. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni wọ́n ti fi òfin de oúnjẹ àti ìdẹ tí a ń dà sílẹ̀ fún àgbọ̀nrín ní gúúsù Michigan, èyí tí wọ́n ń pè ní Lower Peninsula, nítorí àrùn chronic wasting disease, tí ń mú kí àgbọ̀nrín rù títí yóò fi kú, tí wọ́n rí lára àgbọ̀nrín igbó níbẹ̀ ní ọdún 2015. Igi tí ó ń so lórí ilẹ̀ yín tí èso rẹ̀ sì já bọ́ fúnra rẹ̀ kò sí lára ohun tí òfin náà dè, ṣùgbọ́n ẹ máa ka ìwé òfin ọdẹ lọ́dọọdún kí ẹ tó gbé ìbọn.

Ní báyìí, ẹ ra Kerr méjì, ẹ sì pèsè wáyà wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ní oṣù Kọkànlá, ẹ wa ọkọ̀ yí ká àdúgbò yín, kí ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀ka igi tí ó bá ṣì ní èso, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ àyè. Ẹ padà lọ wò wọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Bí ẹ kò bá rí ìkankan, ẹ ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Kejì tó parí, n ó gé ọ̀pá mẹ́wàá fún yín lára tèmi.