Kí ló dé tí Toki Pona kò fi ní "jẹ́"?

Ẹnì kan tó ń kọ́ Toki Pona, èdè àtọwọ́dá kan, bèèrè pé òun wá ọ̀rọ̀ tó dúró fún "jẹ́" tàbí "ni" títí, òun ò rí i. Ṣé ẹni tó dá èdè náà sílẹ̀ gbàgbé rẹ̀ ni?

Kò gbàgbé o. Sonja Lang tó gbé Toki Pona jáde ní 2001 kò fi í sí i rárá, ó sì yẹ kó tètè yé àwa Yorùbá. Ta ló ń sọ pé "Adé jẹ́ ga"? "Adé ga" ti parí ọ̀rọ̀, nítorí "ga" fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni *ona li suli*, "ó tóbi". *Li* yẹn kì í ṣe "jẹ́". Ààlà ni, ó ń fi ibi tí olùwà parí sí hàn. Bí olùwà bá jẹ́ *mi* (èmi) tàbí *sina* (ìwọ) nìkan, a kì í lò ó. Ibi tó ti ń ta kókó ni *mi moku*: ó lè jẹ́ "mo jẹun", ó sì lè jẹ́ "oúnjẹ ni mí"! Yorùbá ń fi "ni" tú irú kókó bẹ́ẹ̀; ní Toki Pona, ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá bọ̀ ni yóò tú u.

Nínú Klingon, èdè tí Marc Okrand ṣe fún fíìmù Star Trek, *tIn Duj* ni "ọkọ̀ náà tóbi", *Duj tIn* sì ni "ọkọ̀ tó tóbi". Bó bá kan ọ̀rọ̀-orúkọ, arọ́pò-orúkọ ló ń ṣe iṣẹ́ "ni": *tlhIngan maH*, "Klingon ni wá". Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Yorùbá ni wá", ẹ ó rí i pé ètò kan náà ni.

Esperanto, èdè àtọwọ́dá tí Zamenhof tẹ̀ jáde ní 1887, ní tirẹ̀: *esti*. *Estas* ni ti ìsinsìnyí, *estis* ti àná, *estos* ti ọ̀la, ẹni yòówù kó máa sọ̀rọ̀. Èyí wú mi lórí, torí èdè Rọ́ṣíà tí Zamenhof gbọ́ láti kékeré kì í lo "jẹ́" fún ìsinsìnyí. Síbẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn kan sílẹ̀. *La tomato estas ruĝa* ni wọ́n sábà máa ń sọ, àmọ́ ẹ lè so *-as* mọ́ àwọ̀ náà tààrà: *la tomato ruĝas*. "Tòmátì náà pọ́n" gẹ́lẹ́ nìyẹn.