Ṣé Lóòótọ́ Ni Kì Í Fi Bọ́ọ̀lù Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń kọ síkọ́ọ̀ fún tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì wa ní Rowe Park. Bọ̀ọ̀dá kan wà tí gbogbo wọn ń pariwo pé kì í fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kóòṣì ti fẹ́ máa fi í jókòó báyìí. Géèmù tó kọjá, nínú ìṣẹ́jú 40 ó lo 30 lórí kọ́ọ̀tù, ó ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìgbà 15, ó ju free throw, ìyẹn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ lẹ́yìn fáùlù, ní ìgbà 5, ó sọ bọ́ọ̀lù nù ní ìgbà 4. Gbogbo tíìmù ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìgbà 60, free throw 15, wọ́n sọ ọ́ nù ní ìgbà 15. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò ẹ̀?
Akọ̀wé tíìmù, Yábàá

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú iṣẹ́, ẹni tó bá kọ nǹkan sílẹ̀ ló lè ṣírò. Usage rate ni wọ́n ń pè é ní NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tó ń wò ò ju pé nígbà téèyàn wà lórí kọ́ọ̀tù, ìgbà mélòó ni bọ́ọ̀lù tíìmù ẹ̀ parí sọ́wọ́ ẹ̀, yálà ó jù ú, wọ́n fáùlù ẹ̀ tó lọ ju free throw, àbí ó sọ ọ́ nù.

Fi 0.44 lọ́po free throw ẹ̀, 2.2 nìyẹn, ro ó mọ́ 15 àti 4, ó di 21.2. Ti tíìmù, 60 àti 6.6 àti 15, jẹ́ 81.6. Wá fi 40, ìyẹn ìṣẹ́jú géèmù, lọ́po 21.2, fi 30, ìṣẹ́jú tó lò, lọ́po 81.6, kó o fi èkejì pín àkọ́kọ́: 34.6 nínú 100. Èèyàn márùn-ún ló ń wà lórí kọ́ọ̀tù, tí wọ́n bá pín in dọ́gba 20 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí náà wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ Russell Westbrook, agbábọ́ọ̀lù NBA, gbé e dé 41.7 ní 2016-17, ọdún yẹn gan-an ló gba MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù.

0.44 yẹn, ohun tó fà á ni pé kì í ṣe gbogbo free throw ló ń parí bọ́ọ̀lù, ìyẹn àsìkò tí bọ́ọ̀lù fi wà lọ́wọ́ tíìmù. Tí wọ́n bá fún ẹ ní méjì, àkọ́kọ́ ò tíì parí nǹkan kan. Géèmù NBA ni wọ́n ti rí nọ́ńbà yẹn o, tó o bá ráyè, èyí tó parí bọ́ọ̀lù lóòótọ́ ni kó o máa kà.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìṣírò yìí ni pé kò ka páàsì rárá. Point guard tó gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn, tó dríbù títí, tó wá páàsì fún ẹni tó jù ú wọlé, òdo ló kọ fún un, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà látàárọ̀. Jọ̀ọ́ máa kọ assist, ìyẹn páàsì tó yọrí sí bọ́ọ̀lù tó wọlé, náà.

O ò sì sọ fún mi mélòó ló wọlé nínú 15 yẹn. Kó o tó gbé 34.6 lọ bá kóòṣì, kọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí ẹni tó ju 15 tí 9 wọlé àti ẹni tó ju 15 tí 4 wọlé, iye kan náà ni ìṣírò yìí máa fún àwọn méjèèjì.