Skóòpù tó ń ṣìnà: ká ra tuntun ni, àbí èyí tí wọ́n tún ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ìbọn afẹ́fẹ́ oní-sípíríìnì ni mo ní, .22, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ kòkó lóko wa lọ́nà Ìdí-Ayunrẹ́. Skóòpù orí rẹ̀, ìyẹn awò tí mo fi ń fojú sun ẹran, 3-9x40 (ó ń sún nǹkan mọ́ ojú ní ìlọ́po 3 dé 9, ojú ńlá rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 40), ti ń ṣìnà. Ibi tí ọta bá bà láàárọ̀, kì í bà á mọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ta èyí tí wọ́n tún ṣe fún mi, ó ní bíi tuntun ló rí. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n fi owó kún owó? — *Àgbẹ̀ kòkó, Ìdí-Ayunrẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Lórí ìbọn sípíríìnì, ọ̀pọ̀ skóòpù tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ni kò bàjẹ́ rárá. Ìdè tó so ó mọ́ ìbọn ló tú. Ẹ fi bírò fa ìlà tín-ín-rín láti ara òrùka tó di skóòpù mú bọ́ sí ara skóòpù, kí ẹ fa òmíràn láti ẹsẹ̀ òrùka bọ́ sí ara ìbọn. Ẹ yìn ín nígbà 20, kí ẹ tún wo ìlà náà. Bí ó bá ti já sí méjì, skóòpù ń yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ wá ìdè oníkan tó gùn, tó ní ìṣó kékeré lábẹ́ tó ń wọ ihò orí ìbọn. Bí ẹ bá ń di skúrù rẹ̀, apá gígùn áléènì kíì ni kó wọnú skúrù, kí ẹ fi ìka méjì yí apá kúkúrú. Bíi 2 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí skúrù) ti tó. Ẹni tó bá fi agbára dì í, ara skóòpù á tẹ̀ wọnú, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní lè rìn mọ́.

Bí ìlà kò bá já, ẹ ka kẹ́. Ẹ yí orí òkè (kókó orí skóòpù tí a fi ń gbé ibi tí ọta ń bà sókè tàbí sísàlẹ̀) títí yóò fi dúró, kí ẹ wá máa ka ìró "kẹ́" rẹ̀ títí dé òpin kejì. Bí ojú tí ẹ ń lò bá ti súnmọ́ òpin ọ̀nà òkè, ibẹ̀ ni àrùn wà. Ọ̀pá kékeré kan ló gbé àmì àgbélébùú dúró nínú skóòpù, sípíríìnì sì ló ń tì í kó fara ti orí tí a ń yí. Bí a bá ti gbé e sókè jù, sípíríìnì á tú, ọ̀pá á máa mì nígbàkúùgbà tí ìbọn bá ró. Ìbọn tí a ń ṣẹ́ lọ́rùn kí a tó ki ọta ló sábà máa ń fa èyí, torí pé ẹnu rẹ̀ máa ń dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀. Ẹ gé fíìmù X-ray tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì sábẹ́ skóòpù nínú òrùka ẹ̀yìn, kí ẹ sì dá orí òkè padà sí àárín.

Ìdánwò tó kù ni igun mẹ́rin. Ẹ lẹ pépà ní mítà 25, kí ẹ ta ọta 3. Ẹ yí orí òkè lọ sókè ní kẹ́ 20, ta 3. Ẹ yí orí ẹ̀gbẹ́ lọ sọ́tùn-ún 20, ta 3. Sísàlẹ̀ 20, ta 3. Sósì 20, ta 3. Lórí skóòpù tí wọ́n kọ 1/4 MOA sí (MOA kan jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan, kẹ́ kan sì ń sún ibi tí ọta ń bà ní ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀), igun kan sí èkejì yóò tó sẹ̀ǹtímítà 3.6, ọta ìkẹyìn á sì padà sórí ti àkọ́kọ́. Bí kò bá padà, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ ríra, ẹ̀tàn sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ "àtúnṣe" yìí. Èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbà padà, tó yẹ̀ wò, tó tún fi gáàsì nitrogen kún inú rẹ̀, tó sì fún ní ìwé gàráńtì, àtúnṣe gidi ni. Àlòkù tí wọ́n nù, tí wọ́n dá padà sínú páálí, tòkunbọ̀ ni, kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Agodi-Gate, ẹ lè ní kí wọ́n tan án kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Skóòpù kì í jẹ́wọ́ lórí tábìlì. Ìgbà tí ìbọn bá ta á nípàá ló máa ń jẹ́wọ́.

Ìpá ìbọn tiyín sì burú. Bí písítìnì ti ń sáré lọ síwájú, ìbọn á tì sẹ́yìn. Bó bá gbá afẹ́fẹ́ tó ti fún pọ̀ níwájú rẹ̀, ìbọn á tún já síwájú. Ọ̀pọ̀ skóòpù ìbọn ńlá, ìpá ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyí tí skóòpù olówó ńlá fi lè fọ́ lórí ìbọn afẹ́fẹ́ kékeré. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á bóyá ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà fún ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá ojú rẹ̀ ṣeé tún tò wá sí yáàdì 10. Èyí tí wọ́n ti dè mọ́ yáàdì 100, ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà ní mítà 20 á ṣú lójú yín, àmì á sì máa rìn bí ẹ bá mi orí.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé skóòpù nìkan (kì í ṣe pẹ̀lú ìbọn o!) lé orí ògiri, kí ẹ na àmì rẹ̀ sí góńgó Ilé Koko, kí ẹ yí òrùka tó ń sún nǹkan mọ́ ojú láti 3 dé 9. Bí àmì bá kúrò lójú kan, ẹ dá a padà fún un.

Èrò tiwa ni pé, bí kò bá sí ìwé gàráńtì ilé-iṣẹ́, tuntun ni kí ẹ rà. Kò sì pọn dandan kó tóbi. 4x32 tuntun tí wọ́n ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́ sàn fún oko kòkó ju 6-24x50 àtúnṣe lọ, ó sì fúyẹ́, nítorí náà kì í tètè yọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan, bíi Vortex, kì í béèrè rìsíìtì tàbí ẹni tó kọ́kọ́ ra skóòpù kí wọ́n tó tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó fífi ránṣẹ́ sókè òkun kí ẹ tó gbọ́kàn lé ìyẹn.

Ìbéèrè: Kùrukùru bo inú skóòpù mi lẹ́yìn òjò. Oníṣẹ́ aago kan ní òun lè tú u, kí òun nù ún. Ṣé kí n gbà? — *Olùkàwé, Apẹtẹ*

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ nù ún níta. Bí ẹ bá gbé e jáde látinú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ìrì ni, á lọ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ló ti wá, rọ́bà róbótó tó ń dí ojú rẹ̀ ti jò, gáàsì gbígbẹ inú rẹ̀ sì ti jáde. Oníṣẹ́ aago lè nu gíláàsì, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin Ìbàdàn náà ni yóò dí padà mọ́ inú rẹ̀, òjò tó bá tún rọ̀ á bo ó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́ ojú ńlá. Bí ẹ bá rí okùn tín-ín-rín bí ọ̀wú aláǹtakùn, èbu ti hù sórí gíláàsì, ó sì máa ń jẹ awọ orí rẹ̀. Ẹ má ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Èyí tí ẹ bá rà dípò rẹ̀, inú ike tó ní ìdérí líle ni kó máa gbé, pẹ̀lú àpò silica gel, kì í ṣe inú àpò awọ.

Ìbéèrè: Iná pupa inú tèmi ò tàn mọ́. Ṣé ó ti kú nìyẹn? — *Olùkàwé, Bódìjà*

Ìdáhùn: Bátìrì ni ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. CR2032 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ojú tó ní + sì sábà máa ń kọjú síta. Ẹ fi írésà pẹ́ńsù nu irin tó ń kan bátìrì. Bí iná kò bá tàn síbẹ̀, tí àmì dúdú ṣì ṣe kedere, ẹ máa lò ó lọ lójú ọ̀sán.