*Senos: ibi tó ti wá àti àwọn ọmọ tó bí

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, o sì fẹ́ mọ orírun *senos, ọ̀rọ̀-àpèjúwe Proto-Celtic (èdè ìyá tó bí Irish, Welsh, Cornish àti Breton) tí wọ́n ń lò fún ohun àtijọ́ tàbí ẹni tó ti dàgbà, àwọn ọ̀rọ̀ tó bí, àti bóyá orúkọ Seán wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fi jìyà nígbà tí mo ń gba oyè kejì nílùú òyìnbó.

Orírun rẹ̀ kò le. *sénos ti Indo-European ni, èdè ìyá àgbà tó bí Proto-Celtic, Látìnì àti Sanskrit. Látìnì ń pe àgbàlagbà ní senex. Senas ni ti Lithuania, hin ni ti Armenia, sánas ni ti Sanskrit. Ìràwọ̀ (*) iwájú *senos ń sọ fún ọ pé kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti rí i kà, àwọn onímọ̀ ló fi ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ tún un kọ́. Àwọn ọmọ náà: sen nínú Irish àtijọ́, tó di sean lónìí, hen nínú Welsh, Cornish àti Breton. Nílẹ̀ Gaul (ilẹ̀ Faransé àtijọ́), Seno- ló kù níwájú orúkọ ènìyàn.

Ibi tí wàhálà wà ni bí s ṣe di h nínú Welsh. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fa ìlà pupa sí i, ó kọ "saith ńkọ́?", ó sì gba ìsinmi lọ. Lẹ́tà tí mo kọ sí i, kò dá a lóhùn. Saith ni méje nínú Welsh, seacht nínú Irish. Bí s bá ń di h, kí ló dé tí èyí kò di h? Mo ka ìwé títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì kó ọ̀rọ̀ gígékúrú jọ síbẹ̀ bí ẹni ń pa ọfọ̀ tí kò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì gbọ́.

Wò ó báyìí. Iyọ̀: salann nínú Irish, halen nínú Welsh. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn: samhradh, haf. Irúgbìn: síol, hil. Oòrùn: sol nínú Látìnì, haul nínú Welsh. Òfin ni, kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ṣùgbọ́n s ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò di h níbi gbogbo, saith wà lára èyí tó dúró. Cornish (seyth) àti Breton (seizh) náà kò yí i padà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ Látìnì náà di s wọn mú: sych, gbígbẹ, láti ara siccus, saeth, ọfà, láti ara sagitta. Gbólóhùn méjì péré, ọkùnrin yẹn kò lè sọ ọ́! Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gbé saith kalẹ̀ kí wọ́n tó fi bi ọ́.

Gíríìkì náà sọ s di h: hals ni iyọ̀ wọn. Má torí ìyẹn kọ ọ́ pé ọmọ ìyá kan ni òun àti Welsh o. Oníkálukú ló dá tirẹ̀ ṣe.

Ìwé tí Matasović kọ lórí orírun àwọn ọ̀rọ̀ Proto-Celtic, tó jáde ní 2009, dára, àmọ́ owó ọjà rẹ̀ ń dẹ́rù bani. Lọ sí yàrá ìkàwé. eDIL (ìwé atúmọ̀ Irish àtijọ́) àti Geiriadur Prifysgol Cymru (ìwé atúmọ̀ Welsh) wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Áà, Seán! Rárá. Johannes ni, ẹnu Faransé ló gbà dé Ireland. Àmì orí á yẹn kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa, ó ń ní kó o fa fáwẹ́lì náà gùn ni. Senior inú Gẹ̀ẹ́sì náà, ọ̀dọ̀ Látìnì ló ti wá. Ìbátan ni, kì í ṣe ọmọ.

Nínú Welsh, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-àpèjúwe ń wà, ṣùgbọ́n iwájú ni hen máa ń dúró sí: dyn ni ọkùnrin, hen ddyn ni bàbá arúgbó. Irish lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀: seanathair, bàbá àgbà, seanfhocal, òwe. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìlú fi kún fún un. Henllan ní Wales àti Shankill ní Ireland, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni méjèèjì. Hennebont ní Brittany, ní ilẹ̀ Faransé, afárá àtijọ́. Hendon ti Lọ́ńdọ̀nù kò sí níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, òkè gíga ló ń wí.