Ohun tójú mi rí lórí password tí kì í hàn lójú terminal

Àbúrò mi tó ní òun ń fi C kọ program lórí Linux, tó fẹ́ kí ìràwọ̀ máa jáde dípò lẹ́tà bí èèyàn bá ń tẹ password, tó ní conio.h (fáìlì C tó ń gba ohun tá a bá tẹ̀) tí tíṣà sọ ò sí lórí ẹ̀rọ òun, ìwọ ni mò ń dá lóhùn. Kò lè sí! Ti DOS àti Windows ni, ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi kọ́ àwọn tíṣà yẹn ni wọ́n ṣì ń kà fún ọmọ ọlọ́mọ.

termios.h ni kó o lò. Fi tcgetattr gba bí terminal (fèrèsé tá à ń tẹ àṣẹ sí) ṣe wà, tọ́jú ẹ̀dà kan, yọ ECHO (òun ló ń gbé lẹ́tà tá a tẹ̀ hàn) kúrò nínú c_lflag tó wà nínú ohun tó o gbà, fi tcsetattr gbé e padà. Ìyẹn ò le.

Èyí tó le rèé. Ní 2019 mo kọ irú ẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn màmá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, òun ni màmá akápò fi ń kọ owó tí kálukú bá dá. Mo kọ ọ́ pé tí wọ́n bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta kó ṣe exit(1), mi ò sì dá ECHO padà kó tó jáde. Password tó tọ̀nà nìkan ni mo fi dán an wò. Ló bá di Sátidé kan tí wọ́n fẹ́ pín owó, Caps Lock wà lórí, màmá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, program jáde, látìgbà yẹn kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ tó tún hàn. Èmi wà ní Ìlaròó lọ́jọ́ náà, kí n tó dé wọ́n ti gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá ẹnjiníà kan ní Ìbarà, ẹni yẹn ò béèrè ọ̀rọ̀ kan, ó ní kíbọ́ọ̀dù ti kú, ó ní Linux ò dáa, ó fọ gbogbo ẹ̀ dànù, ó fi Windows sí i, ó gba ₦15,000. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́jọ lọ. Inú káàdì tí àwọn màmá fi pamọ́ sílé la ti ń dà á kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ò rí káàdì tiwọn mọ́, ìjà ò tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Kíbọ́ọ̀dù ò sì ṣe nǹkan kan! Terminal ló ni ECHO, kì í ṣe program, tí program bá pa á tó sì bá tiẹ̀ lọ, pípa náà ló máa wà. Ká ní ẹnjiníà yẹn pa fèrèsé terminal yẹn dé, kó ṣí òmíì, ó ti tán. Tàbí kó tẹ stty sane (àṣẹ tó ń dá terminal padà sípò) láì rí ohun tó ń tẹ̀, kó tẹ Enter.

Torí náà gbogbo ibi tí program ẹ lè gbà jáde, dá ẹ̀dà yẹn padà níbẹ̀. Fi atexit (òun ló ń pe function tó o bá yàn nígbà tí program bá ń jáde) sí i, kò sì tó o, torí tí signal (ìkìlọ̀ tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ sí program) bá pa program, atexit ò ní ṣiṣẹ́, fún Ctrl+C àti SIGTERM (èyí tó ń ní kó kúrò) ní handler tiwọn, ìyẹn function tó máa dá wọn lóhùn. fgets tó ń ka ohun tá a tẹ̀ náà máa ń gba Enter ('\n') mọ́ password, gé '\n' yẹn kúrò kó o tó fi strcmp fi í wé èyí tó tọ̀nà.

Má sì gba password lẹ́yìn orúkọ program bí argument láé, ps (àṣẹ tó ń to àwọn program tó ń ṣiṣẹ́) á gbé e jáde fún ẹlòmíì tó wà lórí ẹ̀rọ náà, á tún wà nínú .bash_history, fáìlì tó ń tọ́jú àwọn àṣẹ téèyàn ti tẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ ẹni tí sátífíkéètì kún ògiri ẹ̀. Hash (ohun tí ìṣirò mú jáde látinú password, tí kò ṣeé yí padà sí password) ni kó o sì tọ́jú sínú fáìlì, kì í ṣe password gan-an.

Ẹ̀n ẹ́n, ìràwọ̀ lo béèrè. Yọ ICANON (òun ló ń jẹ́ kí terminal dúró de Enter) mọ́ ECHO, máa gba lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, máa gbé '*' jáde, kó o ṣe fflush kó lè hàn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ terminal ò ní bá ẹ pa lẹ́tà rẹ́ mọ́, Backspace á máa wọlé bíi lẹ́tà. Nọ́ńbà 127 ló sábà máa ń jẹ́ lórí Linux, àpẹẹrẹ àwọn ará Windows á sọ pé 8, gba méjèèjì. Tó bá dé, dín iye lẹ́tà kù, gbé "\b \b" jáde kó lè pa ìràwọ̀ kan rẹ́, tí iye bá ti di 0 má gbé nǹkan kan jáde. Enter, 10 ni, kì í ṣe 13.

Èmi ò fi ìràwọ̀ sí tèmi mọ́, ẹni tó dúró lẹ́yìn èèyàn á ka iye ẹ̀ ni. ssh àti passwd náà ò fi nǹkan kan hàn. Màmá akápò ń bẹ̀rù pé kò wọlé, mo bá kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́ pé "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kò ní hàn, tẹ́ ẹ bá parí kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ẹ wo Caps Lock." Wọn ò tún pè mí lórí ẹ̀ mọ́.