Àgádágodo Ìgbàlódé fún Ilé Tí Àgbàlagbà Ń Gbé
Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú wa, ṣé àgádágodo tó ń lo ìtẹ̀ka ni kí n rà sí ilẹ̀kùn àbáwọlé wa ní Ìbàdàn, àbí èyí tó ń lo nọ́ńbà? Ìyá wa àgbà ń gbé lọ́dọ̀ wa, iná kò sì dúró.

Ìdáhùn: Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ iná, nítorí bátìrì kéékèèké, tó sábà máa ń jẹ́ 4, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ìyá àgbà ni kí ẹ rò: ìlà ìka àwọn àgbàlagbà, pàápàá ẹni tó ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ pẹ́, lè ti parẹ́ débi pé ẹ̀rọ kò ní tètè dá a mọ̀. Oní-nọ́ńbà tó tún ní ihò kọ́kọ́rọ́ gidi ni mo fara mọ́, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán.